Bí A Ṣe Ń Fi Eyín Gbọ́ Ohùn Irin

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Rumuokwuta ló wá bá mi lẹ́yìn ìsìn pé kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi sílẹ̀, nítorí púpọ̀ nínú wọn kò tíì mọ iṣẹ́ tí wọn yóò dì mú. Mo ní, "Ṣé ẹ ti bi àwọn ará báǹkì àti àwọn ará iléeṣẹ́ epo tó kún inú ìjọ yìí?" Wọ́n ní àwọn ti bi wọ́n, oorun ló gbé àwọn lọ. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ jókòó, ẹ ti dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ ń wá.

Kọ́láwọlé ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n Kọ́lá Leeti ni gbogbo ayé ń pè mí, torí leeti, ẹ̀rọ tí a fi ń yí irin fá, ni iṣẹ́ mi. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò sì kà á dáadáa. Síbẹ̀, bí ẹ bá wọ yunifásítì tí mo ti ṣiṣẹ́, tí ẹ bá bi wọ́n léèrè ní ẹ̀ka fisíìsì pé ta ló ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí eré ṣe ń tán lára kókó átọ́ọ̀mù méjì tó wúwo nígbà tí wọ́n bá kọlu ara wọn, èmi ni wọn yóò dárúkọ. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ìgbà tí èmi kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ńṣe ni mo ní kí wọ́n tún un sọ.

Ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá ni mo dé Port Harcourt. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣiṣẹ́ báǹkì ló ní kí n máa bọ̀ láti Ìlá, pé ìlú epo kì í jẹ́ kí ọwọ́ ọkùnrin dilẹ̀. Bí mo ṣe ríṣẹ́ kò gùn. Yunifásítì ń wá ẹni tí yóò máa gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù irin tó wà lẹ́yìn ẹ̀ka fisíìsì, mo wà nítòsí, apá mi sì le. Ní ti owó oṣù, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Owó oṣù kò kọ́ mi ní nǹkan kan. Ọ̀gá Dáwárì ló kọ́ mi.

Ará Kalabari ni Ọ̀gá, ó kúrú, ó dúdú, kì í wọ ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé bàtà rẹ̀ ń dán. Ibi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ló ti kọ́ṣẹ́ kí yunifásítì tó gbà á. Gbogbo ohun tí àwọn olùkọ́ bá fẹ́ fi ṣe àyẹ̀wò, ìbáà ṣe ìwọ̀ irin, ìbáà ṣe ọ̀pá, ìbáà ṣe kẹ̀kẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ló ti ń jáde. Kò gbọ́ Yorùbá, èmi náà kò tíì gbọ́ Píjìn, nítorí náà ìgbálẹ̀ nìkan ló ń bá wa sọ̀rọ̀ níbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó yá, ó fún mi ní irin kan tí kò lójú tí kò nídìí, ó fún mi ní fáìlì, ó ní, "Yoruba, make am square."

Mo fi fáìlì fá irin yẹn títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó. Igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gún régé bí páálí ọṣẹ. Mo gbé e fún Ọ̀gá pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó wò ó, ó sọ ọ́ sínú garawa àjákù irin, ó gbé òmíràn lé mi lọ́wọ́. "Now do the real one." Mo bú u ní Yorùbá. Ó ní, "I hear that one." Kò gbọ́ nǹkan kan. Ojú mi ló kà.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ṣẹ́. Ọkùnrin yẹn lè bá ẹ jà nítorí pé o fi aṣọ tó ní iyanrìn nu leeti. Ẹ̀yin tí ẹ ń fẹ́ kí ọ̀gá yín máa yìn yín láàárọ̀ láṣálẹ́, ẹ̀ bá ti kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi mí lónìí: láti Mile 3 títí dé etí omi Iwofe, ta ló lè fi leeti fá ọ̀pá irin kó rí bí tèmi? Mi ò tíì rí i. Bí ẹ bá rí i, ẹ mú un wá.

Àṣà kan wà tí Ọ̀gá kì í fi ṣeré. Kò sí irin tí yóò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yẹn láìjẹ́ pé ó fi okùn so ó rọ̀, ó fi òòlù kékeré kàn án, ó sì tẹ́tí. Irin tó pé yóò ké, ohùn rẹ̀ yóò sì gùn bí agogo ilé ìjọsìn. Èyí tó ti sán nínú, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ ń dán, yóò kàn ṣe "kù," yóò dákẹ́. Ọ̀gá a ní, "E don swallow the voice." Irin tó bá ti gbé ohùn mì kò ní dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ kankan. Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ọ̀gá mọ̀ ọ́n.

Ó fi kọ́ èmi náà. Ó máa ní kí n di ojú, á sì kan irin.

"Talk."

"E good, Oga."

"Good for where? For your village? Hear am again."

Kò pẹ́ tí mi ò fi ṣìnà mọ́. Ọdún bíi mélòó kan sí i, kì í tilẹ̀ sọ ohunkóhun mọ́ bó bá ti kan irin. Á kàn yíjú sí mi, "Talk," mo bá sọ, ohun tí mo bá sì sọ ló máa ń ṣe. Mo ń yan kiri pé mo ti mọ iṣẹ́ débi pé ọ̀gá mi kì í já mi ní koro. Ọ̀rọ̀ ṣì ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ìgbà yẹn ni Dókítà Fúnkẹ́ dé. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, òkè òkun ló ti kàwé, ó sì kéré lójú débi pé mo kọ́kọ́ rò pé agùnbánirọ̀ ni. Àwọn olùkọ́ yòókù a máa rán ènìyàn wá sí ṣọ́ọ̀bù. Òun fúnra rẹ̀ ló wá, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kún fún gíríìsì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ta ni Ọ̀gá, ta ni Kọ́lá?"

Mo ní, "Èmi ni Kọ́lá, mà. Ọ̀gá ni ẹni tí bàtà rẹ̀ ń dán."

Ó mú bọ́ọ̀lù bíárìn méjì lórí tábìlì wa, ó yí wọn lu ara wọn. Kàn! Wọ́n fò padà. Ó ní, "Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi rò pé báyìí ni. Kì í ṣe báyìí." Ó wá yọ píọ́ wọ́tà méjì nínú báàgì rẹ̀, ó gbá wọn mọ́ra. Pàà! Wọn ò fò padà. Wọ́n lẹ̀ mọ́ra díẹ̀, omi inú wọn ń mì lọ́tùn-ún lósì.

"Kókó tó wà láàrin átọ́ọ̀mù, èyí tó bá wúwo, kì í ṣe irin, Kọ́lá. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ló kúnnú rẹ̀, wọ́n ń rìn káàkiri. Bí méjì bá sáré pàdé ara wọn, tí eré náà kò kéré jù tí kò sì pọ̀ jù, wọn a fara kanra, wọn a dì mọ́ra fún ìgbà díẹ̀, ọmọ inú èyí a máa wọ inú ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa pínyà. Nígbà tí wọ́n bá ń lọ, eré ti tán lẹ́sẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n inú wọn gbóná janjan."

Mo ní, "Eré tó tán yẹn wá dà, mà?"

"Inú ló wọ̀. Kò sọnù. Ó di ìgbónára fún àwọn ọmọ inú wọn."

Mo yíjú sí Ọ̀gá, mo ní, "Oga, na that iron wey dey swallow voice." Dókítà ní kí ni ìyẹn. Ọ̀gá bá so irin kan tó ti sán rọ̀, ó kàn án fún un. Kù. Obìnrin yìí pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Ó ní, "Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n! Ìró yẹn náà, ibi tó sán ló wọ̀ lọ, ó ń di ooru tí ọwọ́ ò lè mọ̀." Inú rẹ̀ dùn débi pé ó tún gbá píọ́ wọ́tà yẹn mọ́ra, ó fi agbára sí i jù, méjèèjì bẹ́, omi sì bo bàtà Ọ̀gá.

Ọ̀gá wo bàtà, ó wo Dókítà. "Madam, this one nko?"

Dókítà ní, "Ìyẹn ni bí eré bá pọ̀ jù. Ẹ má bínú, sà." Mo bá a túmọ̀ rẹ̀ fún Ọ̀gá.

Ibẹ̀ ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di ara wa.

Ọ̀gá ló ṣe ẹ̀rọ àkọ́kọ́ fún un. Ó fi irin ṣe bọ́ọ̀lù méjì tó tóbi bí elégédé, inú wọn ṣófo, ó sì da bíárìn kéékèèké sínú wọn. Ó fi ṣéènì àti ìwọ̀ so wọ́n rọ̀ sórí igi àjà. Bí a bá fà wọ́n sẹ́yìn tí a fi wọ́n sílẹ̀, wọn á sáré wá, dùgbẹ̀, wọn ò sì ní fò padà. Wọ́n á kàn fara ti ara wọn, ìwọ á wá máa gbọ́ bíárìn nínú wọn: ṣàràràrà. Dókítà á ní, "Ẹ gbọ́ ọ? Eré náà ló ń rìn nínú ilé yẹn." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ẹ̀ka mìíràn ń yọ́ wá wò ó.

Ojú tó ń rí ayọ̀ ló ń rí ìbànújẹ́. Àwọn àlejò ń bọ̀ láti àwọn yunifásítì mìíràn, ìwọ̀ tó gbé ṣéènì sì ti gbó. Ọ̀gá ra tuntun ní ọjà Mile 3. Àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn àlejò dé gan-an ni wọ́n mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù bí ẹkùn. Wọ́n ní kí n lọ kó àga fún àwọn àlejò. Mo ń kọjá lójú fèrèsé nígbà tí mo rí Ọ̀gá, ó so ìwọ̀ tuntun rọ̀, ó kàn án, ó tẹ orí, ó mi orí pé ó dára.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, àwọn àlejò ní haa. Nígbà tí a tún un fi sílẹ̀, ìwọ̀ já. Bọ́ọ̀lù kan jábọ́ sórí kọnkéré, ó yí lọ, ẹsẹ̀ Dókítà Fúnkẹ́ ló dúró lé.

"Yéè! Ẹsẹ̀ mi o!"

Àwọn ọkùnrin gbé e lọ sílé ìwòsàn. Egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fọ́. Èmi mú ìwọ̀ tó já, mo wo ojú ibi tó ti já. Ìdajì rẹ̀ ń dán, ìdajì kejì ti dípẹtà. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Ìwọ̀ yẹn ti sán kí a tó rà á, ibi tó sán ló dípẹtà.

Nígbà tí ilé dá, mo bá Ọ̀gá nídìí leeti, ó kẹ̀yìn sí mi. Mo ní, "Oga." Kò dáhùn. Mo tún pè é, mo gbé ohùn sókè. Kò yíjú. Jẹnẹrétọ̀ ti kú nígbà náà o, ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ìgbà tí mo fọwọ́ kàn án léjìká ló tó fò.

Ó wò mí, ó rí i pé mo ti mọ̀.

"Kola," ló wí. Láti ìgbà tí mo ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Yoruba ló ń pè mí. "Kola, the gen cover am. But even if gen no dey..." Ó fọwọ́ kan etí rẹ̀, ó mi orí pé rárá.

Àṣé ó ti pẹ́. Àṣé ní gbogbo ìgbà tó ń ní "Talk," kì í ṣe pé ó ń dán mi wò mọ́. Etí mi ló ń yá lò. Ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́; Ọ̀gá dákẹ́ torí ẹ̀rù ń bà á pé ọjọ́ tí wọ́n bá mọ̀ ni iṣẹ́ máa bọ́.

Wọ́n sì fẹ́ kó bọ́. Olórí ẹ̀ka pe ìpàdé. Àwọn kan ní kí wọ́n lé Ọ̀gá láìbọ̀wọ̀ fún un, kí wọ́n sì ti ṣọ́ọ̀bù pa, ayé ti di ayé kọ̀ǹpútà, kí la tún ń fi irin ṣe? Ìgbà yẹn ni Dókítà Fúnkẹ́ wọlé tòun ti ọ̀pá àti sìmẹ́ǹtì lẹ́sẹ̀. Ó bi wọ́n pé, "Ẹsẹ̀ ta ni ó fọ́?" Ó fi ọ̀pá kan sìmẹ́ǹtì náà. "Tèmi ni. Ṣé ẹ ó jẹ́ kí ẹni tó lẹsẹ̀ sọ̀rọ̀?"

Olórí ẹ̀ka kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó ní kò gbọdọ̀ sí ohunkóhun tó rọ̀ lórí ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ní kí a ṣe ẹ̀rọ mìíràn kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tó wọlé. Bó bá ṣiṣẹ́ tí kò sì ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, Ọ̀gá Dáwárì yóò dúró títí àsìkò rẹ̀ yóò fi pé, yóò sì lọ tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó di ilé rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù náà ó sì di títì.

Ọ̀gá padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé òòlù kékeré rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀, ó tì í pa. Ó ní èmi ni kí n ṣe é.

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo ronú títí orí fi ń fọ́ mi. Ọjọ́ Sátidé kan, mo tẹ̀lé Dókítà lọ ra ẹja ní etí omi Iwofe, èmi ni mo ń bá a gbé báàgì torí ọ̀pá ló fi ń rìn. Ọkọ̀ ojú omi méjì wà lórí omi, ọ̀kan ń lọ, ìkejì ń bọ̀. Bí wọ́n ṣe fẹ́ kọjá lára ara wọn, àwọn obìnrin inú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ju agbọ̀n ẹja sí ara wọn, èyí ń jù, ìyẹn ń jù, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń bú ara wọn. Dókítà gbá mi lápá mú.

"Kọ́lá! Wò ó!"

"Mo ti ń wò ó, mà. Ẹja ni."

"Fi ẹja sílẹ̀! Wo ọkọ̀!"

Mo wò ó. Ọkọ̀ méjèèjì ti ń falẹ̀. Kò sẹ́ni tó fà wọ́n, wọn ò sì fara kan ara wọn. Dókítà ní, "Agbọ̀n tó kúrò nínú ọkọ̀ tó ń lọ, eré ìlọ ló gbé dání wọ inú ọkọ̀ tó ń bọ̀. Èyí tó ti ibẹ̀ wá, eré ìbọ̀ ló gbé wá. Wọ́n ń pa eré ara wọn. Ohun tí mo ti ń kọ sójú pátákó láti ọdún yìí wá nìyẹn, kò sì yé ọmọ kankan. Ìwọ, ṣé o lè ṣe é?"

Mo ní, "Dókítà mà, bóyá ẹ ò mọ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀."

Mo ṣe é. Ojú irin méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì gígùn. Kẹ̀kẹ́ irin méjì, ọ̀kan ń lọ, ọ̀kan ń bọ̀. Mo ṣí fèrèsé sí ẹ̀gbẹ́ kálukú, mo sì fi síprín-ìn kéékèèké sẹ́yìn bíárìn inú wọn, tó fi jẹ́ pé bí fèrèsé bá pàdé fèrèsé, bíárìn á máa ta láti inú èyí sínú ìyẹn bí agbọ̀n ẹja. Bí kò bá sí bíárìn, kẹ̀kẹ́ méjèèjì á kọjá lára ara wọn bí ẹni tí kò mọra rí. Bí bíárìn bá wà níbẹ̀, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ó rẹwà.

Ṣùgbọ́n Ọ̀gá kò fẹ́ kan irin kankan mọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo wá rí mẹkáníìkì kan ní Rumuokwuta níbí, lẹ́bàá Ikwerre Road, ó fi ẹnu sukurudáfà ti ẹ́ńjìnnì, ó gbé etí lé ìdí rẹ̀, ó ń gbọ́ ibi tí àìsàn wà. Mo sáré padà, mo sọ fún Ọ̀gá. Ó gbé sukurudáfà sétí, mo kan irin. Kò gbọ́. Ó gbé e sí etí kejì. Kò gbọ́. Inú bí i, ó gé irin sukurudáfà náà jẹ bí ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ run, ìdí rẹ̀ kejì sì ṣì wà lára irin tí mò ń kàn.

Ìgbà náà ni mo ṣèèṣì kan irin lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ojú Ọ̀gá là. Jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn wa, gbogbo ilé ń gbọ̀n. Ó na ọwọ́ sí mi, eyín rẹ̀ ṣì wà lórí irin. Mo kàn án. Ó di ojú. Nígbà tó yọ ọ́ lẹ́nu, omi wà lójú rẹ̀.

"Kola. E dey sing."

Ọjọ́ yẹn náà ló fi leeti fá ọ̀pá irin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí pẹ́ńsù, ó tẹ́ ìdí rẹ̀ kí eyín lè dì í mú. Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó mú òòlù rẹ̀ jáde.

Ọjọ́ ìfihàn pé. Yàrá kún dẹ́nudẹ́nu, olórí ẹ̀ka jókòó síwájú. Wọ́n mú iná lọ, kì í kúkú ṣe tuntun, jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ní kí n kan ọ̀pá tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ń yí lórí rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gé irin tirẹ̀ mọ́ eyín, ó fi ẹnu irin náà ti kẹ̀kẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bú sẹ́rìn-ín. Mo kan ti àkọ́kọ́, ó mi orí pé ó dára. Mo kàn án títí ó fi ku ẹyọ kan. Mo kan ìyẹn. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Stop."

Mo bọ́ síwájú ojú rẹ̀. Mo rọra sọ fún un pé, "Oga, na me make that one."

"You make am well. The iron no well."

Olórí ẹ̀ka dìde. Ó sún mọ́ wa kí Ọ̀gá lè rí ẹnu rẹ̀. "Oga Dawari, you sure?"

Ọ̀gá yọ irin lẹ́nu. Bó bá ní kò dá òun lójú, iṣẹ́ á lọ. Bó bá ní ó dá òun lójú, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ á lọ. Ó ní, "Sir, that day I no sure, I come nod head. Today, I sure."

A dá ìfihàn dúró. Mo tú ọ̀pá náà, mo há a mọ́ fáìsì tó ń di irin mú níwájú gbogbo wọn, mo fi òòlù ńlá lù ú. Ó já. Ìdajì ń dán, ìdajì ti dípẹtà. Àṣé láti ọjà ni, ọwọ́ tèmi kò ní àbùkù. Olórí ẹ̀ka mú àjákù náà, ó yí i wò, ó fi sí àpò. Mo bọ́ sídìí leeti, mo ń fá òmíràn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ti ara wọn lẹ́nu ọ̀nà láti wò mí, Dókítà sì ń fi píọ́ wọ́tà dá wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀gá fi eyín gbọ́ tuntun yẹn náà. Ó mi orí.

Kẹ̀kẹ́ méjèèjì sáré pàdé. Fèrèsé kan fèrèsé, bíárìn ta, ṣàràrà, eré tán lẹ́sẹ̀ wọn bí ẹni tó rántí nǹkan. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ha! So na inside e enter!" Dókítà na ọ̀pá rẹ̀ sí i. "Ìwọ! Dìde! Ó ti yé ọ!"

Olórí ẹ̀ka bọ Ọ̀gá lọ́wọ́. Ọ̀gá Dáwárì dúró títí àsìkò rẹ̀ fi pé, ó sì lọ tòun ti ìyì àti bàtà dídán. Kó tó lọ, ó fi ọ̀pá eyín náà lé mi lọ́wọ́. Ó ti sùn báyìí, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́.

Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo irinṣẹ́ yí padà. Ẹ̀rọ tó ń gé irin fúnra rẹ̀ dé, ẹ kàn máa ya àwòrán fún un lórí kọ̀ǹpútà ni. Dókítà ti di Ọ̀jọ̀gbọ́n, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń wo kókó méjì tó ń kọlu ara wọn lójú gíláàsì kọ̀ǹpútà pẹ̀lú àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń wo inú irin bí wọ́n ṣe ń wo oyún. Mo mọ gbogbo wọn lò, kí ẹ má rò pé mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré yẹn ń fẹ́ bátìrì. Eyín kò fẹ́ bátìrì.

Ẹ ń bi mí ìdí tí mo fi fẹ̀yìn tì nígbà tí irun mi ṣì dúdú. Leeti àti jẹnẹrétọ̀, wọ́n gba ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Ọ̀gá lọ́wọ́ èmi náà. Èmi ò dákẹ́ ní tèmi. Ọjọ́ tí mo mọ̀ ni mo kéde, mo sì ní kí wọ́n fún mi lẹ́ni tí màá kọ́. Wọ́n fún mi ní Blessing, ọmọ Ikwerre láti Rumuolumeni, ìyá ọmọ méjì, ẹnu rẹ̀ mú ju fáìlì lọ. Mo ju irin rẹ̀ àkọ́kọ́ sínú garawa. Ó bú mi ní èdè Ikwerre. Mo ní, "I hear that one."

Ọjọ́ tí mo máa lọ, mo gbé ọ̀pá eyín fún un. Ó yí i wò, ó rí ojú eyín lára rẹ̀.

"Oga, this thing wey una two don bite? God forbid!"

Ó se omi gbígbóná, ó dà á lé e lórí, ó da iyọ̀ lé e, ó tún fi aṣọ mímọ́ nù ún. Lẹ́yìn náà ló gé e jẹ, ó fi ti kẹ̀kẹ́ tí mo ṣe fún Dókítà láyé ọjọ́un, torí wọ́n ṣì ń lò ó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun. Èmi ni mo ń kan irin. Ó mi orí. Ó tún mi orí. Ní orí ẹyọ kan, ó gbé ọwọ́ sókè.

Mo gbé etí lé e. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní, "Blessing, na me make that one."

Ó yọ irin lẹ́nu. "You make am well, Oga. But e don work tire. E don crack."

Mo há a mọ́ fáìsì, mo lù ú. Ó já. Ìdajì ń dán, ìdajì ti dípẹtà.

Àjákù yẹn ló wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò ní sọ iṣẹ́ tí ẹ ó ṣe fún yín. Ẹ kàn wá ibi tí wọ́n ti lè ju irin yín àkọ́kọ́ sínú garawa, kí ẹ má sì sá.

Lọ́jọ́ tí mo lọ yẹn, mo kí Blessing pé ó dàbọ̀, mo jáde. Wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ ń bú lẹ́yìn mi lọ́jọ́ náà bí ẹkùn. Èmi ò gbọ́ ọ.